Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: NIN, BVN àti Ogun Tí Ìjọba Ń Bá Ẹgbẹ́ Ọ̀daràn Jà

Láti ìgbà tí a ti kọ̀wé nípa àwọn oníjìbìtì orí fóònù, lẹ́tà tó wọlé pọ̀ ju èyí tí ojú ìwé yìí lè gbà lọ. Ohun kan náà ni ọ̀pọ̀ wọn ń béèrè lóríṣiríṣi ọ̀nà: gbogbo nọ́ńbà ìdánimọ̀, NIN ti ọmọ orílẹ̀-èdè àti BVN ti oníbàárà báńkì, pẹ̀lú ìtẹ̀ka tí ìjọba ń gbà lọ́wọ́ wa yìí, ṣé ó ń dí àwọn ọ̀daràn lọ́wọ́ lóòótọ́, àbí àwa tí a kò ṣẹ̀ ni ó ń dà láàmú? A yan márùn-ún nínú wọn, a sì yọ orúkọ àwọn tó kọ wọ́n kúrò.

Ìbéèrè: Bí gbogbo síìmù bá ti lórúkọ, kí ló dé tí wọn kò rí ajínigbé mú?

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ata ni mò ń tà ní ọjà Bódìjà, ní Ìbàdàn. Àárọ̀ kùtùkùtù ni mo lọ tò fún NIN, ilẹ̀ ti ṣú kí n tó kúrò níbẹ̀. Mo so síìmù mi mọ́ ọn, mo sì so ti ọmọ mi pẹ̀lú. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n jí ọkọ ọ̀rẹ́ mi gbé lọ́nà Ìjẹ̀bú-Òde, orí fóònù ni wọ́n ti ń pe ìyàwó rẹ̀ pé kí ó wá owó wá. Kí wá ni a so síìmù mọ́ NIN fún?

Ìdáhùn: Ìyá wa, ẹ kú àjálù, Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí a tún rí irú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ọdún 2011 ni NCC, àjọ tó ń ṣàkóso ìbánisọ̀rọ̀, bẹ̀rẹ̀ ìforúkọsílẹ̀ síìmù. Ọwọ́ àwọn tó ń ta síìmù lábẹ́ agboòrùn ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ náà bọ́ sí, kò sì pẹ́ tí orúkọ tí kò ní ènìyàn nídìí fi kún inú àkọsílẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2015, NCC bu ìtanràn ₦1.04 tírílíọ̀nù lé ilé iṣẹ́ MTN nítorí síìmù tó lé ní mílíọ̀nù 5 tí ìforúkọsílẹ̀ wọn kò péye tí ilé iṣẹ́ náà kò sì já, ìyẹn ₦200,000 lórí síìmù kọ̀ọ̀kan. Wọ́n padà dín in kù sí ₦330 bílíọ̀nù ní oṣù Kẹfà ọdún 2016. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2020 ni ìjọba àpapọ̀ wá pàṣẹ pé kí síìmù kọ̀ọ̀kan so mọ́ NIN, nọ́ńbà oní-díjíìtì 11 tí àjọ NIMC ń fún ẹni tó bá ti ya àwòrán ojú, tó sì ti tẹ ìka ọwọ́ rẹ̀. Wọ́n sún gbèdéke náà síwájú léraléra. Nígbà tó di ọjọ́ 4 oṣù Kẹrin ọdún 2022, wọ́n ti ìpè mọ́ nọ́ńbà tó lé ní mílíọ̀nù 70, oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024 sì ni gbèdéke ìkẹyìn tí wọ́n fún gbogbo wa.

Iṣẹ́ ńlá ni èyí, a kò sì gbọdọ̀ fojú kéré rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí síìmù wà lórúkọ rẹ̀ ni NIN lè fi hàn, kò lè fi ẹni tó gbé fóònù náà sétí hàn. Ẹ bi ọ̀rẹ́ yín dáadáa: ṣé kì í ṣe nọ́ńbà ọkọ rẹ̀ gan-an ni wọ́n fi pè é? Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń ṣe. Bí ọlọ́pàá bá tẹ nọ́ńbà náà sínú ẹ̀rọ, orúkọ ẹni tí wọ́n jí gbé ni yóò jáde. Bí kò bá sì jẹ́ nọ́ńbà rẹ̀, ó lè jẹ́ síìmù tí wọ́n fi orúkọ aláìmọ̀kan kan rà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, EFCC, àjọ tó ń gbógun ti jìbìtì owó, kó ènìyàn 792 nínú ilé alájà méje kan ní Victoria Island, l'Ékòó, lórí ẹ̀sùn jìbìtì olólùfẹ́ àti ti owó kírípítò. Ọmọ orílẹ̀-èdè Ṣáínà 148 àti ọmọ Philippines 40 wà lára wọn. EFCC sọ pé òun bá síìmù tó lé ní 500 níbẹ̀, ti ilé iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ ilẹ̀ wa níbí, lẹ́yìn ọdún mẹ́rin tí a ti ń so síìmù mọ́ NIN.

Ohun tó ń tú ẹgbẹ́ ajínigbé ká ni kí a kó ẹ̀rí jọ láti ibi púpọ̀ láàárín wákàtí díẹ̀: òpó ìbánisọ̀rọ̀ tí ìpè náà gbà kọjá, nọ́ńbà IMEI oní-díjíìtì 15 tó wà lára fóònù fúnra rẹ̀, tí kì í bá síìmù lọ bí wọ́n bá pààrọ̀ síìmù, àwọn nọ́ńbà mìíràn tí fóònù náà ti ń pè tẹ́lẹ̀, àti àkáǹtì tí owó wọlé sí bí wọ́n bá gbà á ní báńkì. Òfin tó de ìwà ọ̀daràn orí ẹ̀rọ, ti ọdún 2015, ti pàṣẹ pé kí ilé iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ tọ́jú àkọsílẹ̀ ìpè fún ọdún méjì. Ẹ̀rí náà wà nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ilé iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ ni ti òpó wà, ọwọ́ NIMC ni orúkọ wà, ọwọ́ báńkì ni ti owó wà, ọwọ́ ọlọ́pàá sì ni ẹjọ́ wà. Bí ọ̀gá ọlọ́pàá bá ní láti kọ lẹ́tà sí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, kí ó sì jókòó de èsì, àwọn ajínigbé á ti kúrò nínú igbó yẹn kí èsì àkọ́kọ́ tó dé. Ibẹ̀ ni pípín àkọsílẹ̀ láàárín àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba ti wúlò jù lọ, a sì fara mọ́ ọn tọkàntọkàn.

Bí irú rẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí ẹ mọ̀, ẹ kọ déètì àti àkókò ìpè kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe wà lórí fóònù, ẹ má pa ohunkóhun rẹ́ lórí rẹ̀. Àkókò yẹn ni wọ́n fi ń wá òpó rí.

Ìbéèrè: Ta ló fún wọn láṣẹ láti wo àkọsílẹ̀ mi?

Olóòtú wa ọ̀wọ́n, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì ni mí ní Ìjẹ̀bú-Òde. Mo gbọ́ lórí rédíò pé ìjọba fẹ́ kí àwọn àjọ rẹ̀ máa rí àkọsílẹ̀ ara wọn, kí wọ́n lè gbógun ti àwọn ọ̀daràn. Èmi kì í ṣe ọ̀daràn. Ṣé òfin gbà kí ẹni tí n kò mọ̀ rí máa ka ọ̀rọ̀ mi láì sọ fún mi?

Ìdáhùn: Ẹ kú àárẹ̀ iṣẹ́, Olùkọ́ àgbà. Òfin gbà á nígbà mìíràn, ó sì dè é nígbà mìíràn.

Abala 37 nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 dáàbò bo àṣírí ọmọ orílẹ̀-èdè, ilé rẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ orí fóònù rẹ̀. Abala 45 wá gba ìjọba láyè láti ṣe òfin tó lè yẹ ẹ̀tọ́ náà díẹ̀ nítorí ààbò ìlú. Òfin tó dá NIMC sílẹ̀ ní 2007 sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wo inú àkọsílẹ̀ náà láì gba àṣẹ àjọ náà, ó sì fi àyè sílẹ̀ fún ọ̀ràn ààbò orílẹ̀-èdè àti wíwá ọ̀daràn. Lẹ́yìn náà ni òfin ìdáàbòbò dátà dé, èyí tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú buwọ́ lù ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà ọdún 2023, tó sì gbé àjọ NDPC kalẹ̀ láti máa ṣọ́ gbogbo ilé iṣẹ́ tó bá ń tọ́jú ọ̀rọ̀ wa, ti ìjọba pẹ̀lú ti aládàáni.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ rere kan hàn yín, nítorí ó wà. Ọdún 2014 ni Báńkì Àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ BVN. Ní oṣù Kejì ọdún 2016, Kẹ́mi Adéọ̀ṣun, tó jẹ́ mínísítà ètò ìṣúná nígbà náà, kéde pé wọ́n ti yọ orúkọ 23,846 kúrò nínú ìwé owó oṣù ìjọba àpapọ̀ lẹ́yìn tí wọ́n fi BVN yẹ̀ ẹ́ wò. Ìbéèrè tí wọ́n bi báńkì kò ju kí a mọ̀ bóyá orúkọ tó wà lórí àkáǹtì tó ń gba owó bá orúkọ òṣìṣẹ́ mu, àti bóyá ẹnì kan ṣoṣo kò máa gba owó oṣù ènìyàn púpọ̀. Kò sí ìdí fún ọ́fíìsì tó ń san owó oṣù láti mọ ohun tí olùkọ́ kan fi owó rẹ̀ rà tàbí ẹni tó fi ránṣẹ́ sí. Bó ṣe yẹ kí pípín àkọsílẹ̀ rí nìyẹn. Ẹni tó wá tọrọ iná, ẹ̀ṣẹ́ná ni kí a fún un, kì í ṣe kí ó gbé ààrò lọ.

Ohun tó ń bà wá lẹ́rù ni ẹ̀yìn ilé. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, àjọ Paradigm Initiative fi síta pé ojú òpó kan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń ta NIN, BVN àti irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní ₦100 péré. NIMC sọ pé ẹnikẹ́ni kò já wọ inú àkójọ òun. Kí a gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí wọ́n ta ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ní sàn jù nítorí pé ọ̀dọ̀ aṣojú kan ni ó ti jò, tí kì í ṣe láti àgbàlá NIMC. Ẹ sì wo ẹni tó máa náwó lé irú ọjà bẹ́ẹ̀ lórí: ẹni tó fẹ́ mọ àdírẹ́sì yín, ọjọ́ ìbí yín, ojú yín àti nọ́ńbà tí ẹ fi ń gba owó. Àkọsílẹ̀ tí a kó jọ láti fi mú ajínigbé lè di ohun tí ajínigbé fi ń yan ẹni tó máa gbé. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé ààbò àkọsílẹ̀ àti ogun ọ̀daràn kì í ṣe ohun méjì tó ń bá ara wọn jà. Bí ti àkọ́kọ́ bá bàjẹ́, èkejì ti dàrú.

Orílẹ̀-èdè Estonia, tó kéré ju ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ lọ ní iye ènìyàn, ti ń lo ètò kan tí wọ́n ń pè ní X-Road láti 2001. Ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń tọ́jú àkọsílẹ̀ tirẹ̀, wọn kò kó o sí ojú kan. Bí ọlọ́pàá bá fẹ́ mọ ohun kan, ó máa bi ẹ̀rọ tó ni ín léèrè, ìbéèrè náà á sì wọ ìwé. Ọmọ ìlú lè wọlé sórí íntánẹ́ẹ̀tì láti wo ọ́fíìsì tó wo ọ̀rọ̀ rẹ̀ àti ọjọ́ tí ó wò ó. Bí ẹ bá ń kọ̀wé sí aṣòfin yín, èyí ni kí ẹ béèrè: kí Nàìjíríà náà fún wa láyè láti mọ ẹni tó wo àkọsílẹ̀ wa, kí a sì dá iṣẹ́ dúró fún òṣìṣẹ́ tó bá wo ohun tí kò kàn án. Bí a bá tilẹ̀ ń wá ọ̀daràn, tí ọlọ́pàá kò sì lè sọ fún un kí ọwọ́ tó tẹ̀ ẹ́, ìwé náà ṣì gbọdọ̀ wà, kí adájọ́ lè rí i nígbà tó bá yá.

Ìbéèrè: Wọ́n fún ìyá mi àgbà ní ₦2,000, wọ́n ní kó ṣẹ́jú sí fóònù

Ẹ kú iṣẹ́ o. Abẹ́òkúta ni mo ti ń kọ́ iṣẹ́ aṣọ rírán. Ọmọkùnrin kan gbé tábìlì sábẹ́ igi máńgòrò ládùúgbò wa, ó ní ètò ìrànwọ́ ìjọba ni òun bá wá. Ó gba NIN lọ́wọ́ àwọn ìyá arúgbó, ó ní kí wọ́n wo fóònù òun, kí wọ́n ṣẹ́jú, kí wọ́n yí orí sọ́tùn-ún sósì. Lẹ́yìn náà ni ó fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ₦2,000. Ìyá mi àgbà wà lára wọn. Ẹ̀rù ń bà mí.

Ìdáhùn: Arábìnrin wa, ẹ̀rù náà tọ́. Ṣíṣẹ́jú yẹn gan-an ló tú àṣírí ọmọkùnrin náà. Báńkì orí fóònù máa ń ní kí ènìyàn ṣẹ́jú tàbí kí ó yí orí, kí ẹ̀rọ lè mọ̀ pé ènìyàn alààyè ló wà níwájú òun, pé kì í ṣe fọ́tò ni wọ́n gbé sí i. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti ṣí àkáǹtì lórúkọ ìyá àgbà, tàbí kí wọ́n ti fi orúkọ rẹ̀ gba síìmù. Irú àkáǹtì bẹ́ẹ̀ ni àwọn oníjìbìtì máa ń gba owó ẹlòmíràn sí, tí wọ́n á sì tètè kó o lọ sí àkáǹtì kejì àti ìkẹta. Nígbà tí ẹjọ́ bá dé, orúkọ ìyá àgbà ni yóò wà nílẹ̀. Bí wọ́n bá sì fi BVN rẹ̀ sínú ìwé àwọn afurasí tí Báńkì Àpapọ̀ ní kí gbogbo báńkì máa wò, àkáǹtì tó fi ń gba owó ìfẹ̀yìntì tàbí owó tí ọmọ rẹ̀ ń fi ránṣẹ́ lè di títì.

Ẹ má dúró di ìgbà tí wọ́n bá pè é. Ẹ mú un lọ sí báńkì rẹ̀, kí ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, kí wọ́n bá a wo àkáǹtì tó bá so mọ́ BVN rẹ̀. Ẹ mú un lọ sí ọ́fíìsì ilé iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n bá a wo síìmù tó wà lórí NIN rẹ̀, kí wọ́n já èyí tí kò mọ̀. Kí ẹ tó ṣe méjèèjì, ẹ kọ́kọ́ lọ fi ọ̀rọ̀ náà sùn ní àgọ́ ọlọ́pàá, kí ẹ sì gba ìwé tó ní déètì lórí. Ìwé yẹn ni yóò jẹ́rìí pé ẹ̀yin fúnra yín lẹ lọ sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni tó wá yín wá. Ẹ pe àwọn ìyá yòókù pẹ̀lú.

Fún ọjọ́ iwájú, ẹ má máa fi NIN gan-an lélẹ̀ níbi tí kò pọn dandan. NIMC ní nọ́ńbà ìgbà díẹ̀ kan, vNIN, tó jẹ́ lẹ́tà àti díjíìtì 16 papọ̀, tó ń ṣiṣẹ́ fún wákàtí 72, tí ilé iṣẹ́ tí ẹ gbà á fún nìkan sì lè lò. Ẹni tó bá jí i lọ́la kò lè rí nǹkan kan fi ṣe. Kí ẹ sì mọ̀ pé ọ̀fẹ́ ni ìforúkọsílẹ̀ NIN.

Ìbéèrè: Ṣé Nàìjíríà àti Benin ń pín àkọsílẹ̀ wa?

Awakọ̀ ni mí, láti Àgbádárìgì gba Sèmè lọ sí Kutonu. Wọ́n ní bí wọ́n bá jí ọkọ̀ l'Ékòó, Benin ni wọ́n ń tà á sí. Ṣé ọlọ́pàá ibẹ̀ kò rí ohun tí ọlọ́pàá wa rí ni?

Ìdáhùn: Orílẹ̀-èdè kan kì í kó ìwé orúkọ àwọn ènìyàn rẹ̀ fún òmíràn, kò sì yẹ kí ó ṣe bẹ́ẹ̀. Benin ní ètò tirẹ̀: ní 2017 sí 2018 ni wọ́n ṣe ìkànìyàn tí wọ́n pè ní RAVIP, àjọ ANIP ló sì ń fún ọmọ ilẹ̀ náà ní nọ́ńbà ìdánimọ̀. Ọ̀ràn ọ̀daràn ni wọ́n ń pín. Interpol, àjọ ọlọ́pàá àgbáyé, ní àkójọ ọkọ̀ tí wọ́n jí àti ti ìwé ìrìnnà tó sọnù, tí ọlọ́pàá orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan lè bi léèrè. Ètò WAPIS náà wà, tí Interpol àti ECOWAS jọ gbé kalẹ̀, tí Àjọṣepọ̀ Yúróòpù sì náwó sí, kí ọlọ́pàá ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà lè kúrò nídìí ìwé tí eku ń jẹ, kí wọ́n kọ ẹjọ́ sínú kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ wọ̀nyí kò lè sọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò kọ sínú wọn. Bí wọ́n bá jí ọkọ̀ yín, ẹ rí i dájú pé nọ́ńbà ẹnjìnnì àti ti ṣásíìsì wọ ìwé ìfisùn, kì í ṣe nọ́ńbà pléètì nìkan, nítorí pléètì ni wọ́n kọ́kọ́ ń yọ.

A fẹ́ fi ọ̀kan kún un. Ní Kétu àti Sábẹ, àwọn ẹbí tó wà níhìn-ín àti lọ́hùn-ún ẹnubodè kì í ṣe àjèjì sí ara wọn, ẹlòmíràn sì ní ìwé ilẹ̀ méjèèjì lọ́nà tó bófin mu. Kí òṣìṣẹ́ ẹnubodè má ṣe rò pé ẹni tí orúkọ rẹ̀ jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì ti di ọ̀daràn.

Ìbéèrè: Orúkọ mi kò bá ara wọn mu, báńkì ti ti àkáǹtì mi

Nọ́ọ̀sì ni mí, ní Ìlọrin. Orúkọ bàbá mi ló wà lórí NIN, ti ọkọ mi ló wà ní báńkì, wọ́n sì gé orúkọ àbísọ mi kù níbì kan. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ̀yin nìkan kọ́. Báńkì Àpapọ̀ pàṣẹ ní oṣù Kejìlá ọdún 2023 pé kí wọ́n ti àkáǹtì tí kò bá ní BVN tàbí NIN, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í múlẹ̀ ní oṣù Kẹta ọdún 2024. Àwọn orúkọ wa gùn, a máa ń gé wọn, ọ̀pọ̀ fọ́ọ̀mù kò sì gba àmì abẹ́ lẹ́tà. Obìnrin tó bá lọ́kọ tún máa ń yí orúkọ padà. Ẹ̀rọ tó ń fi lẹ́tà wé lẹ́tà kò mọ èyíkéyìí nínú rẹ̀. Ohun tó dùn wá ni pé oníjìbìtì tó ra NIN ẹlòmíràn, orúkọ tó bá ara mu régé ló ń mú wá, ó sì ń kọjá. Nọ́ọ̀sì tó ṣègbéyàwó ni ẹ̀rọ ń dá dúró. Àwọn tó ń ṣètò iṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ènìyàn, kì í ṣe ẹ̀rọ nìkan, wo irú ọ̀ràn yìí kí wọ́n tó ti àkáǹtì.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti NIN, nítorí òun ni àwọn yòókù ń wò. Ẹ mú ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó yín àti ìwé ìbúra ilé ẹjọ́ lọ sí NIMC, kí wọ́n tún un ṣe, kí ẹ sì rí i dájú pé ó ti yí padà lọ́dọ̀ wọn. Nígbà tí orúkọ tuntun bá ti jáde níbẹ̀ ni kí ẹ tó gbé e lọ sí báńkì fún BVN. Bí ẹ bá ṣe é lódìkejì, ẹ lè san owó lẹ́ẹ̀mejì. Bí báńkì bá kọ̀ láti tún un ṣe tàbí tí wọn kò dá yín lóhùn, òfin ìdáàbòbò dátà ti ọdún 2023 fún yín lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè pé kí wọ́n ṣàtúnṣe ohun tí wọ́n kọ nípa yín tí kò tọ́. Ẹ kọ ọ́ ní lẹ́tà sí òṣìṣẹ́ tó ń mójú tó ìdáàbòbò dátà ní báńkì náà, kí ẹ tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀ tí wọ́n buwọ́ lù, òun ni ẹ ó fi ránṣẹ́ sí NDPC bí wọn kò bá ṣe é.